Orúkọ Tí N Kò Pè ní Èbúté

Ewé ń wọ́ sínú òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kankan nítòsí. Ọkọ mi na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó mú ewé kan, ó fi nu gíláàsì aago tó ń tún ṣe. Ó ní ewé òyìnbó dára fún irú iṣẹ́ yẹn. A ti wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́rin, a ń rìn lórí Òkun Mẹditaréníà láti èbúté kan dé òmíràn, kò sì sí ẹni tó ń lé wa.

Yàrá tí wọ́n fún wa nínú ọkọ̀ náà ni yàrá wa ní Ìlá. Bẹ́ẹ̀dì wa ni, kọ́bọ́ọ̀dù wa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì dáadáa náà wà níbẹ̀. Òkun ló kàn wà níbi tó yẹ kí ògiri aládùúgbò wa wà. Wọ́n gbé ẹ̀wù méjì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, irú èyí tí wọ́n ní ká wọ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ rì. Ní àràárọ̀, ọ̀kan nínú wọn á sọ̀rọ̀. Á ní, "Ẹni méjì lẹ jẹ́ o." Èkejì kì í sọ nǹkan kan.

Kọ́yèjọ, ọmọ wa ọkùnrin tó ń gbé ní Mánṣẹ́sítà, ló ṣètò ìrìnàjò náà. Ó ní a ti ṣiṣẹ́ tó, kí a lọ najú ní ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ ti rọlẹ̀. Ọkọ mi ń najú lóòótọ́. Èmi kò najú. Ẹ̀rù ń bà mí láti ìgbà tí mo ti wọ ọkọ̀, mo sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi kò mọ ìkánjú, ọkọ̀ sì lè fi í sílẹ̀ ní èbúté. Ogójì ọdún tó fi tún aago ṣe kò kọ́ ọ pé àkókò ń lọ. Ẹni tó bá ní kó wá jẹun, kí onítọ̀hún yáa gbé ọbẹ̀ padà sórí iná.

Ní Nápólì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo aago ńlá kan. Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, mo lọ dúró sẹ́nu àfárá tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló jókòó níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti sin ín, èmi ni mo sì yan aṣọ tí a fi sin ín. Aṣọ funfun àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló wọ̀ báyìí, ó dé fìlà wọn lé orí gèlè, ìwé ńlá kan sì wà ní itan rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ọkọ̀ tutù.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ wá ni yóò pè é gòkè. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni yóò sì pè. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí wọn ò bá pè, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀."

Nítòsí wa, àwọn obìnrin òyìnbó ń pe ọkọ wọn bí ẹní ń pe adìyẹ. "Jọ́jì! Fránkì!" Àwọn ọkùnrin náà ń dáhùn, wọ́n ń gun àfárá bọ̀, ìwé ìròyìn wà lábíyá wọn. Kò sí èyí tó ṣe bí ẹni tí wọ́n rí fín.

Èmi kò pe orúkọ ọkọ mi rí. Irọ́ ni, mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ ni. Mo rí ejò kan lẹ́yìn rẹ̀ lágbàlá, mo sì fi orúkọ rẹ̀ pariwo. Ó yẹra, ejò kọjá lọ. Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Láti ìgbà náà, "ẹ gbọ́ ná" ni mo fi ń pe ọkọ mi, títí a fi bí Ṣíjú, àkọ́bí wa obìnrin, tí mo wá ń pè é ní Bàbá Ṣíjú.

Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má pè é lórúkọ."

Ó ní, "Ilé nìyẹn. Ojú omi nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é. Ẹ̀yin lẹ bí i."

Ó ní, "Mo lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá pè, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."

Mo mọ ibi tí ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà. Mo sún mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo sì pe ọkọ mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n pè. "Bàbá Ṣíjú o! Bàbá Ṣíjú!" Kò sí ẹni tó dáhùn láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kékeré lórí àfárá, tó ń gòkè bọ̀, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó sì gba ọ̀nà yàrá wa lọ. N kò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló rìn wọlé nígbà tí wọ́n ti ń fa àfárá sókè. Omi òkun ń jáde nínú bàtà rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ni.

Ó ní, "Àníkẹ́, mo gbọ́ ariwo. N ò gbọ́ orúkọ mi."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé àwo oúnjẹ mẹ́ta síwájú wa. Ọkọ mi jẹ tirẹ̀, ó sì yin ẹja wọn. Èmi ń wo àwo kẹta.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ṣíjú nígbà tó kú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ìrọ̀lẹ́ tí ibà náà bẹ̀rẹ̀, mo ń di irun rẹ̀ ní kòlẹ́sẹ̀. Mo di apá òsì tán, orí rẹ̀ ń gbóná, mo ní ká fi apá ọ̀tún sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn ará ilé ní kí n máa pe ọkọ mi ní Bàbá Kọ́yè. Wọ́n ní kò dáa kí n máa fi orúkọ ọmọ tó ti lọ pe ènìyàn. Mo kọ etí ikún sí wọn. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò pè mí ní Ìyá Ṣíjú mọ́ láti ọjọ́ náà, oríkì mi ló ń pè. Èmi nìkan ni mo ń dá orúkọ ọmọ náà pè nínú ilé, mo sì ń pè é tó ìgbà ogún lóòjọ́. Bàbá Ṣíjú, oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá Ṣíjú, òjò ń bọ̀ o, ẹ bá mi kó aṣọ. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé ni, pé yóò dé láìpẹ́.

A dé Mélítà, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Àwọn ilé ibẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì. Àwọn ilé náà rìn wá sí etí omi láti wò wá, wọ́n sì padà sí àyè wọn. Mo bẹ ọkọ mi kó má sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àníkẹ́, ìgbafẹ́ la bá wá." Wọ́n ti sọ fún un pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó ní aago méjì, ọ̀kan ń sọ òótọ́, èkejì ń purọ́, ó sì fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọkọ̀ fọn fèrè. Mo gbìyànjú. Mo la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ wà lára mi. Ohun tó jáde ni èyí tó mọ́ mi lẹ́nu. "Bàbá Ṣíjú!"

Ṣíjú gun àfárá bọ̀. Mo rí i lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Apá òsì irun rẹ̀ wà ní dídì, apá ọ̀tún ta sókè bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ pè mí." Ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ sáàárín orúnkún mi.

Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Inú mi dùn débi pé n kò wo ojú omi mọ́. Òòyà ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún. Òòyà ní kí n rọra. Mo ti di ìlà mẹ́ta kí n tó gbé ojú sókè. Ọkọ̀ ti kúrò létí ilẹ̀. Ọkọ mi wà nínú omi tó mu ún dé àyà, ó ń rìn bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó di fìlà rẹ̀ mú kó má baà rin.

Ìyá rẹ̀ ló tú gèlè, ó jù ú sí i, ó sì fà á wọlé. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Ó tutù bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe tutù lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́ láṣọ ìkẹyìn.

Ìyá ọkọ mi ń wé gèlè rẹ̀ padà. Ó ní, "Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Tí mo bá tún fà á, tèmi ni."

Ọkọ mi kò rí ọmọ náà. Nígbà tí a dé yàrá, Ṣíjú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ọkọ mi gbé aago tó ń tún ṣe lé e lórí bí ẹní gbé e lé orí tábìlì. Ọmọ náà dúró gbagidi kí aago má baà jábọ́. Mo sunkún, mo sì ń di irun lọ yí aago náà ká. Ẹ̀wù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní, "Ẹni méjì lẹ jẹ́ o." Èkejì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Àwọn méjì wo?"

Èbúté tó kẹ́yìn kò ní orúkọ. Wọ́n ti ha á kúrò lára pátákó. Kò sí ìlú tàbí òkè níbẹ̀, kìkì ewé gbígbẹ ni, àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi onígíláàsì tó máa ń wà ní iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ilé. Ó ti wà nínú rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú kan, ó tẹ orí ba. Aago tó tò ka iwájú rẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo wọn ló ti dúró.

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti pe gbogbo ọkùnrin tó kù gòkè. Omi tó wà láàárín wa fẹ̀ tó ẹní, ó fẹ̀ tó yàrá, ó fẹ̀ tó títì. Mo ké "Bàbá Ṣíjú!" títí ohùn mi fi ha. Ọkọ mi kò gbé orí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè, Ṣíjú tó jókòó lẹ́sẹ̀ mi á dáhùn, "Màmá."

Ìyá ọkọ mi pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dìde, ó di irin mú, ó sì fa èémí sínú. Mo mọ ohùn yẹn. Wọ́n ní ó máa ń fi pe ọmọ rẹ̀ wálé láti oko láìkúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè é."

Ṣíjú gbé ojú sókè wò mí. Ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú irun rẹ̀. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá ń pe bàbá lórúkọ wọn, ta ni yóò máa pe èmi?"

Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin tó wà létí omi yẹn, èémí sì ti kún àyà ìyá rẹ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò nínú irun Ṣíjú.

Mo pe orúkọ ọkọ mi. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, ojú ṣì ń tì mí. Mo fi gbogbo ara pè é, bí mo ṣe pè é ní ọjọ́ ejò.

Ó yọ awò lójú. Ó gbé orí, ojú rẹ̀ sì ni ojú tó ní nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó rìn lórí ewé tó wà lójú omi bí ẹní rìn lójú ọ̀nà, ó sì gun àfárá bọ̀. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Ṣíjú dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pàdé láàárín àfárá níbi tó ti há. Ọkọ mi yẹ̀ fún un, bí a ṣe ń yẹ̀ fún ọmọ tí a kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi ṣí fìlà òṣìṣẹ́, ó tẹ̀ lé ọmọ náà, ó sì fà á lọ́wọ́. Ìlà kan yẹn kò rí dídì.

Mo jí. Ọ̀sán gangan ni, ní Ìlá. Àpótí wa méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, a ti dì wọ́n sílẹ̀, nítorí ọ̀la la máa gbéra lọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Kọ́yèjọ. Ọkọ mi jókòó sójú fèrèsé, awò kékeré wà lójú rẹ̀ kan. Ó ti yí sí mi.

Ó ní, "Àníkẹ́, ṣé ìwọ lo pè mí?" Ó ní láti ìgbà tí màmá òun ti kú, kò sí ẹni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kí a má lọ mọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ pè é bí mo ṣe máa ń pè é. Mo dìde jókòó, mo ní, "Bàbá…"

Ìyókù kò wá. Ọkọ mi yọ awò lójú, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì ń dúró de ìyókù.