Kọ́tìnì Imú Ọkọ̀

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í sọ èèyàn di wèrè, kó wá wo àgbàlagbà méjì yìí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí ata, wọ́n sì tan hítà ọkọ̀ dé òpin. Tíṣà ló ń wa ọkọ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ó fi táwẹ̀lì tútù wé orí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi, ó sì ṣí agboòrùn sórí nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń kọjá wọn lójú títì ń wò wọ́n, wọ́n ń mi orí.

Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ kékeré kan náà wà níbẹ̀ tí Tíṣà ò lè yí padà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ọmọ wọn lọ. Tíṣà rà á nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìṣirò tó fi ń da orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ rú. Àárín ìjókòó iwájú méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lábẹ́ ìdérí kan tó ga bí àpótí, nítorí náà bó bá ti gbóná, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ hítà yẹn kì í kúkú ṣe wèrè. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni hítà ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń fẹ́ ẹ sójú èèyàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ hó, ẹ tan hítà, ẹ̀yin ni ẹ ó máa hó dípò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ àtijọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn ò ní í mọ̀ ni ìdí tí ẹ́ńjìnnì ti Tíṣà fi ń gbóná lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Kọ́tìnì ni. Iṣẹ́ kọ́tìnì ni ìyàwó rẹ̀ ṣe jẹun, Alákọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, ó ní ilé tí kò bá ní kọ́tìnì, ìhòòhò ló wà. Ó rán kọ́tìnì sí fèrèsé, ó rán sí ẹnu ọ̀nà. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó na ọwọ́ dé imú ọkọ̀, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lọ bá rédíétọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, ó ní eruku á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ó bá rán léèsì onípele méjì tó kún fún òdòdó, ó sì dì í mọ́ ọn pinpin. Ọkọ̀ ò lè mí mọ́.

Tíṣà ì bá ti tú u lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú Alákọ́tìnì ń lọ, dókítà sì ti ní kò sóhun tó lè dá a dúró. Léèsì yẹn ni iṣẹ́ ìkẹyìn tó rán. Bó ti so okùn rẹ̀ tán, ó ní, "Ó tán nìyẹn. Ṣé ó rẹwà?" Tíṣà ní ó rẹwà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún obìnrin bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ ìkẹyìn ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ẹ́ńjìnnì?

Orí òkè ni wọ́n sì ń lọ báyìí, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Alákọ́tìnì fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ojú tirẹ̀ tó lọ tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣì ń ka pátákó ẹ̀gbẹ́ títì. Lónìí, àwọ̀ wọn nìkan ló ń rí.

"Tíṣà, níbo lọwọ́ ago wà?" ló bi í.

Ago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó wà níwájú Tíṣà. Ọwọ́ ago náà ti wọ ibi pupa.

"Àárín gbùngbùn ló wà, Ìyàwó."

"Ẹn-ẹ́n." Alákọ́tìnì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì tètè gbé e kúrò.

Nígbà tí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè, èéfín ti ń yọ. Wọ́n yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọkùnrin náà dé iwájú ọkọ̀, ó rí léèsì, ó lanu.

"Bàbá, ta ló fi aṣọ—"

Tíṣà yára fi ìka lé ètè, ó fojú tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Mẹkáníìkì wò ó, ó wo obìnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ọjọ́ orí ni, Màmá!" ló kígbe. "Ẹ́ńjìnnì yín ti dàgbà. Ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kọ́tìnì yín sì dáa o!"

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Alákọ́tìnì wí. "Ọjọ́ orí ni."

Wọ́n bu omi sí i, wọ́n gun òkè. Tíṣà tó fi ìṣirò jẹun láyé ń bẹ irin: "Ẹ rọra, Bàbá Àgbà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú ó tì wá." Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ irọ́, kò síbi tí kò lè gbé e dé. Ibi tí òkè ti ga jù, Bàbá Àgbà ní fùùù, ó dúró. Èéfín funfun bo gíláàsì iwájú.

"Tíṣà, níbo lọwọ́ ago wà?"

Tíṣà ò tilẹ̀ rí ago mọ́. "Àárín gbùngbùn," ló ní.

Alákọ́tìnì pa agboòrùn dé. Ó yọ ẹsẹ̀ nínú bàsíà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ títí ó fi dé iwájú. Kí Tíṣà tó bá a, ó ti di léèsì mú, ó sì fà á ya fààà.

"Ìyàwó!"

"Ẹ dákẹ́. Gbogbo ayé mi ni mo fi lọ aṣọ, ẹ wá rò pé mi ò mọ ooru? Àtàárọ̀ ni mo ti mọ̀, mo sì gbọ́ nígbà tí mẹkáníìkì dárúkọ aṣọ. Ẹ́ńjìnnì ń jó mi lọ́wọ́, ẹ̀yin ń sọ pé àárín gbùngbùn."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Bójú mi bá lọ tán, Tíṣà, ojú yín ni n ó máa fi ríran. Ojú tó ń purọ́ fún mi, kí ni n ó fi ṣe?"

Ojú ti Tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju gbogbo ooru ọjọ́ náà lọ, ó sì sunkún, àmọ́ òógùn ò jẹ́ kó hàn.

Alákọ́tìnì na léèsì sí i. "Ó yá, ṣé ó rẹwà?"

Tíṣà wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó wọ́, Ìyàwó. Ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Òdòdó mẹ́ta dorí kodò."

"Mẹ́rin ni," ni Alákọ́tìnì wí. "Mo fọwọ́ kà á." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Tíṣà ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ rí dókítà.

Wọ́n dúró títí ara ẹ́ńjìnnì fi rọlẹ̀, wọ́n pa hítà, wọ́n bu omi kún un. Atẹ́gùn ń gba imú ọkọ̀ wọlé.

"Níbo lọwọ́ ago wà?"

"Ó fi díẹ̀ ju àárín lọ. Ó ń sọ̀ kalẹ̀."

Alákọ́tìnì gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi í síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ọmọbìnrin wọn sáré gbé ọmọ jòjòló lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Alákọ́tìnì gbá a mọ́ra, ojú rẹ̀ ń wá ojú ọmọ, kò tètè rí i.

"Tíṣà, báwo ló ṣe rí?"

Ọmọbìnrin wọn ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọ̀rọ̀ dídùn. Tíṣà wo ọmọ náà títí.

"Orí rẹ̀ tóbi. Imú mi ló jogún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó ti lejú mọ́ wa."

"Bàbá!" ni ìyá ọmọ pariwo.

Alákọ́tìnì gbé ọmọ sún mọ́ ojú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn, títí imú àwọn méjèèjì fi kanra.

"Mo rí i," ló wí. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."