Aláǹtakùn Aláwọ̀ Aró Tí Mo-ti-gbọ́ Rà

"Ohun tó ní ẹsẹ̀ méjì, mo ti bá a jà. Ohun tó ní mẹ́rin, mo ti lé e wọ igbó. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nìkan ló kù tí kò tíì mọ̀ mí. Ẹ ní kó máa bọ̀!"

Akunlé kan ló ń fọ́nnu báyìí lórí àkàbà, rólà lọ́wọ́, ọ̀dà funfun ń kán sí i nímú. Mo-ti-gbọ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ kí onítọ̀hún parí. Bí o bá ní, "Mo-ti-gbọ́, ẹsẹ̀ àkàbà yẹn," á ní òun ti gbọ́. Ìgbà tó bá fi ìdí kanlẹ̀ ni yóò tó gbọ́ èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń fọ́nnu fún, nínú pálọ̀ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí dúró sí ìsàlẹ̀ àkàbà, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ìgò wò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi sí ìgò. Ìgò á máa kọjá níwájú iná, òun á máa ṣa èyí tó sán àti èyí tó ní ìdọ̀tí ní ìdí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan mìíràn mọ́. Bó bá wo ènìyàn, ibi tó ti sán ló ń wá.

"O ò kun orí ilẹ̀kùn," ló wí.

"Ta ló ń wo orí ilẹ̀kùn, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin àti alángbá."

Ìjà ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin akunlé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí fún ọdún kan ààbọ̀, látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, tó ní bí òun bá ti rí ilé gbà, òun yóò wá mú un. Kò sẹ́ni tó ka ìlérí yẹn sí. Akunlé fẹ́ kí ọmọ òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó tilẹ̀ ti kun yàrá kan dè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú òun.

"Ìwọ, tọ́jú ọmọ? Ẹja tí wọ́n fún ọ dà?"

"Omi ló pa á."

"Omi pa ẹja! Òdòdó inú ìkòkò ńkọ́?"

"Ìyẹn ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé òun máa gbẹ."

"Ìyàwó ńkọ́?"

Akunlé kọjú sí ògiri, ó ń kun ibi tó ti kùn.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wá ohun kan tó ń mí. Tọ́jú ẹ̀ fún oṣù méjì. Bí mo bá dé tí mo bá a láàyè, máa mú ọmọ ẹ lọ. Bó bá kú, n ò gbọ́dọ̀ gbọ́ 'ọmọ mi, ọmọ mi' lẹ́nu ẹ mọ́ láéláé."

Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà gbé orí sókè nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. "Dádì, ẹ ra ológbò."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí, kò sì gbọ́. Ó ti rí aláǹtakùn ńlá onírun kan lórí fóònù, irú èyí tí àwọn tó ń sìn ín ń pè ní tarántúlà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń jẹun. Kì í gbó, kì í sá kúrò nínú àpótí gíláàsì, kì í sì í béèrè owó ìwé. Ta ló lè pa ìyẹn? Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lórí àkàbà, bí ẹ ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà kan tó ń ta ẹranko ọ̀sìn. Inú ibẹ̀ móoru bí abẹ́ apá, ìrẹ̀ ń dún nínú garawa. Ìyá fi aláǹtakùn kan hàn án, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó jókòó bí àgbàlagbà tí wọ́n gbàgbé síta.

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, eléyìí ni kó mú. Ẹlẹ́sọ̀ ni. Bí inú bá tilẹ̀ bí i, irun ìdí ẹ̀ ló máa gbọ̀n síni lójú, á sì máa yúnni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Màmá, ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti bà jẹ́ lèyí. Àwọ̀ yìí, owó ni wọ́n ń san fún mi láti kùn ún pa!"

Ojú rẹ̀ ti wà lára òmíràn. Ara ìyẹn dà bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí èèpo ọsàn. Ọkùnrin tó ń sọ fún àwọn oníbàárà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má ṣe yan ọ̀dà láti inú agolo, pé bó bá gbẹ á yí padà, òun náà ló na ìka sí gíláàsì. "Eléyìí!"

"Ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ni ìyá wí. "Ó yára ju ojú lọ, ó sì ń gé ni jẹ."

"Mo ti gbọ́."

"Má ṣe tọwọ́ bọ inú ẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Lọ́jọ́ tí o bá sì rí i tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, tó na ẹsẹ̀ sókè—"

"Mo ti gbọ́, Màmá! Ẹ bá mi dì í."

Ìyá àgbà wo etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wo ilé tí kò ní fèrèsé. Ó sì dì í.

Bí ẹranko náà ti dénú yàrá akunlé, abẹ́ èèpo igi tó wà nínú àpótí ló kó sí. Ó di ọ̀la, kò jáde. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò jáde. Akunlé á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àga síwájú àpótí, á sì máa wo ihò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yan àwọ̀ tó dára jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ihò ló gbé wálé.

Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé, ó tọwọ́ bọ inú àpótí láti yọ abọ́ omi. Nǹkan aró kan yọ, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó sì fi eyín hàn án. Ẹ̀yin ará, akẹ́gàn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ wà lórí tábìlì kí abọ́ tó kanlẹ̀.

"Ṣé olè ni?" ni ará ilé kejì fi kígbe láti ẹ̀yìn ògiri.

"Rárá o! Mò ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀ ni!"

Láti ọjọ́ náà, igi gígùn tó fi ń kun òkè àjà ló so ṣíbí mọ́, ìdí ilẹ̀kùn ló sì ti ń bọ́ ọ. Bí ọmọ rẹ̀ bá pè lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, á ní, "A ti mọwọ́ ara wa! Òun ló ń kí ọ yẹn."

"Dádì, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi! O ti fẹ́ máa bọ̀. Fara balẹ̀, ó kù díẹ̀."

Lọ́sẹ̀ keje, aláǹtakùn jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n aró ti ṣí lára rẹ̀, ó ti rí bí eérú. Akunlé fún un ní ìrẹ̀, kò jẹ. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń bọ̀, akunlé jí, ó rí i tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lókè.

Ó jókòó sórí ibùsùn. Láti ibẹ̀, ó ń wo yàrá tó kùn de ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde láti sin òkú. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án, ó tún fà á padà. Ẹ̀rù òkú náà ń bà á! Ó fi aṣọ tó fi ń bo ilẹ̀ bo àpótí náà lódindi, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó sì sáré lọ bá ìyá àgbà.

"Èyí aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, Màmá, ẹ bá mi dì í pẹ̀lú àpótí."

"Èyí aró ńkọ́?"

"Koko lara ẹ̀ le! Ẹnìkejì ni mò ń wá fún un."

"Wọn kì í jọ gbé—"

"Mo ti gbọ́!"

Ó délé. Ó mú ẹfun aláwọ̀ aró tí àwọn akunlé fi ń fa ìlà sára ògiri, ó mú burọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù, ó so ó mọ́ orí igi gígùn, ó sì dúró sídìí ilẹ̀kùn, ó kun aláǹtakùn. Ẹ̀ẹ̀mejì, bí iṣẹ́ ṣe rí. Ó fi ẹfun pupa kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà náà kò mira. Ó dà bíi pé ó ti mọ irú ilé tó wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ. Ó wo àpótí láti iwájú. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Akunlé ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún.

"Ó ń mí," ni ẹ̀gbọ́n wí, bí ẹni tí eyín ń ro.

"Mo wí fún yín! Ọmọ mi, lọ kó aṣọ ẹ!"

Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló ṣe é, òun kọ́. Ó gbé àpótí sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì wo ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ìgò.

"Mo-ti-gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò kun ikùn ẹ̀."

Kí akunlé tó wá irọ́ kan mú, ẹ̀gbọ́n ti ṣí ìdérí láti gbóòórùn ọ̀dà. Àgbàlagbà inú àpótí, tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n tún gbé sókè bí ọmọ tuntun, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó kọ ìdí sí wọn, ó sì gbọn irun. Ẹfun aró pẹ̀lú irun tú lu ojú àwọn méjèèjì.

"Yéè! Oníjìbìtì! Apẹja!"

"Ẹ̀yin lẹ ṣí i! Olójú ìgò!"

Wọ́n ń họ ọrùn, wọ́n ń sín, wọ́n sì ń bú ara wọn láàárín sísín méjì, ojú wọn dúdú bí ọwọ́ aláró. Ọmọ pa ìdérí náà dé pẹ̀sẹ̀, ó gun àkàbà bàbá rẹ̀, ó sì ká aṣọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Dádì, méjì ló wà nínú eléyìí."

Wọ́n sáré dé ibẹ̀. Awọ òfìfo kan nà sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n bọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aláǹtakùn náà jókòó, tuntun, aró rẹ̀ ń tàn ju ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Kò kú rí. Awọ ló ń bọ́, ara rẹ̀ a sì máa rọ̀ bí ẹyin nígbà náà; ohun tí ìyá àgbà fẹ́ sọ nìyẹn. Bí akunlé bá ní ìgboyà láti tọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ì bá pa á.

"Ó yè!" Akunlé fò sókè. "Oṣù méjì pé, ó yè! Ọmọ mi dà?"

"Òkú lo pè é, o lọ tọ́jú sórí kọ́bọ́ọ̀dù! Ṣé ibẹ̀ lo máa gbé ọmọ sí náà, bó bá ní ibà?"

"Ẹ ti bá mi ṣe àdéhùn!"

"Jìbìtì ba àdéhùn jẹ́!"

Akunlé di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mú, ẹ̀gbọ́n di ti òsì, àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ tó kù họ imú. Ọmọ náà dúró láàárín wọn títí èémí fi tán nínú wọn.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Mọ́mì ti rí ilé gbà. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá mú mi. Ológbò wà níbẹ̀."