Òjò Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá mọ̀ mí l'Ájégúnlẹ̀ mọ̀ pé n kì í gba ìranù. Kí àwọn èèyàn lè wá ṣeré ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù, kì í ṣe kí géńdé ọkùnrin máa wá sunkún níwájú kọ̀ǹpútà mi. Ohun tí Ovie sì ń ṣe lọ́dún 1998 nìyẹn.

Awakọ̀ lọ́rì ni Ovie. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ó ń bọ̀ láti èbúté, òjò ń rọ̀, ó sì rí Níyìọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí títì Liverpool, tó ń juwọ́ sí i pé kó dúró gbé òun. Ó tẹ bíréèkì. Lọ́rì kò dúró. Ó yọ̀ lọ títí ó fi kan Níyìọlá mọ́ ògiri.

Gbogbo ayé ní òjò ló ṣe é. Phoebe, ìyàwó olóògbé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi ìsìnkú, lójú pásítọ̀. Ó di Ovie lọ́wọ́ mú, ó ní òun kò dá a lẹ́bi. À ń mi orí, à ń pè é ní ẹni Ọlọ́run. Èmi kò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Ká ní ọkọ tèmi ni, ǹ bá ti bu Ovie jẹ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Ovie kò balẹ̀. Kò lè wakọ̀ mọ́.

“Sister Sẹ̀kínátù,” ló máa ń wí fún mi, “ṣé òjò ni àbí ẹsẹ̀ mi? Ṣé mo pẹ́ kí n tó tẹ bíréèkì ni? I just wan know.”

Eré ìje mọ́tò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi, tí èèyàn ti lè yan ojú ọjọ́. Oòrùn ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń yàn. Òjò ni Ovie ń yàn. Á sáré, á tẹ bíréèkì, á yọ̀ lọ forí sọ ògiri, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń wò ó, orí mi á wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sùúrù mi tán. Mo ní, “Ovie, táyà wo lò ń lò?”

Kò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè yan táyà. Méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó dán àti èyí tó nílà. Bí oòrùn bá ń ràn, èyí tó dán á gbóná, á sì di ọ̀nà mú dáadáa. Bí òjò bá ń rọ̀, á tutù, orí omi ni yóò sì máa yọ̀ lọ. Èyí tó dán ni Ovie ti ń lò látọjọ́ yìí. Mo bá a yan onílà. Òjò kan náà, eré kan náà: mọ́tò dúró kó tó dé ògiri. Ó padà sí èyí tó dán, ó tètè tẹ bíréèkì, ó tún lọ forí sọ ògiri náà. Ó ń ṣe é títí kọ̀ǹpútà fi gbóná, tó sì dákú.

“Ṣé o rí i?” ni mo wí. Inú mi dùn. “Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ. Táyà ni.”

Mo rò pé á dúpẹ́. Ńṣe ló dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.

“Sister, Níyìọlá ló ta táyà yẹn fún mi.”

Lóòótọ́, táyà ni Níyìọlá ń tà ní ibùdókọ̀ Coconut. Ovie ní ilà wà lára èyí tí òun rà, àti pé gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ láìyọ òun lẹ́nu. Àwa méjèèjì mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe níbẹ̀: wọ́n á fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ilà sára táyà tó ti pá, á sì dà bíi pé kò tíì gbó, àmọ́ bó bá kan omi, bíi táyà tó dán náà ni yóò máa yọ̀. Phoebe ló ń ta ìyókù báyìí. Ẹ̀rù ń ba Ovie láti sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló pa ọkọ rẹ̀, àmọ́ bí a bá dákẹ́, táyà yẹn á tún pa ẹlòmíì. Mo tẹ̀ lé e lọ.

Ovie kúnlẹ̀ níwájú Phoebe nínú ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀.

“Ìyá Ṣayọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Táyà tí Bàbá Ṣayọ̀ tà fún mi, wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ ni. E no good for rain. Ẹ má tà á mọ́.”

Phoebe ń nu táyà kan lọ. “Mo mọ̀,” ló wí. “Èmi ni mo máa ń bá a dì í mú tó bá ń gbẹ́ ẹ.”

“Ẹ mọ̀? Ẹ sì dì mí lọ́wọ́ mú níbi ìsìnkú?”

“Kí ni kí n sọ? Pé ọkọ mi ló pa ara ẹ̀? Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Ovie.”



Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni awakọ̀ kan wọlé. Ó ní òjò ti ṣú, òun ń wá táyà tí ilà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ovie dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má rà á. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni.”

Ọkùnrin náà wo Phoebe. “Ta nìyí?”

Phoebe kò wo ojú Ovie. “Òun ló pa ọkọ mi,” ló wí.

Ọkùnrin náà ṣáátá Ovie, ó fà sẹ́yìn, ó sì tọ́ka sí táyà tó wù ú. Mo ń pariwo pé irọ́ ni, kó má rà á, àmọ́ ta ló ń gbọ́ tèmi? Ovie fúnra rẹ̀ ti kúnlẹ̀ padà, ó ń bẹ Phoebe pé kó dárí ji òun.