Oǹdè Tí Baba Gbẹ́ fún Ratsami

"Dì í mú dáadáa," ni Baba Khamsing wí. "Bí o bá jẹ́ kó yẹ̀, ìrù rẹ̀ á kán."

Bualai di igi náà mú. Ọwọ́ baba rẹ̀ ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó rọra lu ihò tí okùn yóò gbà kọjá. Nák kékeré ni, ejò ológbe tí wọ́n gbà pé ó ń gbé ìsàlẹ̀ odò Khong, tó sì ń ṣọ́ ènìyàn, tí baba náà gbẹ́ láti ara pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó. Kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ló fi gbẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé èyí ni yóò gbẹ̀yìn.

"Bàbá, okùn aláwọ̀ wo ni kí n hun sí i?" Bualai ti fọkàn yan pupa fún ara rẹ̀.

"Bi àbúrò rẹ. Òun ló ni ín."

"Ratsami?"

"Ṣebí ó ń lọ Kòríà lọ́jọ́ Sátidé. Ìlú àjèjì ni. Ó yẹ kí Nák máa ṣọ́ ọ."

Bualai bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àjákù igi ilẹ̀ jọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wẹ̀ fún baba yìí, tó ń se ìrẹsì fún un láàárọ̀, tó ń fi òróró pa àwọn Nák rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ratsami ń ti Bangkok wálé, baba á sì ti máa rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Bí Bualai bá yan ẹja, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Bí Ratsami bá ra èyí tí wọ́n ti yan lọ́jà, baba á pọ́n ìka lá.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé oǹdè náà lọ sí tẹ́ńpìlì. Àlùfáà àgbà gbàdúrà lé e lórí títí, ó sì wọ́n omi sí i. Ratsami, tó ti dé láti Bangkok, fi kọ́ ọrùn, ó ń wo ara rẹ̀ nínú fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ṣé ó bá mi mu?"

"Kí ni kò ní bá ọ mu?" ni Bualai wí. "Ohun gbogbo tí wọ́n bá gbé lé ọ ló ń bá ọ mu."

Ratsami rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹ̀gún wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nílé náà. Ó tó ọdún méjì tí Bualai ti ń ṣa àjákù igi baba rẹ̀ jọ, tó ń gbẹ́ Nák tirẹ̀ nígbà tí baba bá ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí Ratsami lọ wẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀, tó fi oǹdè kọ́ ìṣó, Bualai mú èyí tó dára jù nínú tirẹ̀, ó fi irú okùn kan náà sí i, ó fi rọ́pò. Ó fi èyí tí baba gbẹ́ pamọ́ sáàárín aṣọ àyà rẹ̀. Ó rò pé inú òun á dùn. Kò dùn.

Ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ti ń dún nígbà tí baba mú oǹdè ọrùn Ratsami lọ́wọ́ kó lè súre sí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ gun ogbe ejò náà lọ, ó dúró. Ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ratsami, ta ló fún ọ ní èyí?"

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà kọ́ ni?"

Baba gbójú kúrò lára rẹ̀, ó wo Bualai. "Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ àdúrà kankan. Ọ̀nà Kòríà sì jìn."

Bualai mọ̀ pé baba kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òun bá dákẹ́, bọ́ọ̀sì á gbéra, ó parí. Ìgbà yẹn ló rí ọwọ́ Ratsami: ó ti fi eyín gé èékánná rẹ̀ débi pé ó kan ẹran. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, òun ò sì rí i láti ọjọ́ yìí wá.

Bualai fa oǹdè tí baba gbẹ́ jáde láyà. "Tìrẹ rèé. Mo jí i."

"Ẹ jí kí ni?"

"Lánàá. Nígbà tí o ń wẹ̀."

Ojú Ratsami pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Bí mo bá béèrè, ṣé wàá fún mi?"

"Rárá," ni Ratsami wí. "Mi ò ní fún yín."

Ó fi ti baba kọ́ ọrùn, ó bọ́ èkejì, ó fi lé baba lọ́wọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì. Láti ojú fèrèsé, ó ké sí wọn pé, "Ẹ rí i pé Bàbá ń lo oògùn wọn o!" Kò wo ojú Bualai, ṣùgbọ́n ó juwọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn relé, baba ń yí Nák tí Bualai gbẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọwọ́ yín ni mo ń wò."

"Ojú ejò yìí jìn jù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ibẹ̀ ni yóò ti là."

Wọ́n kọjá ọjà kí baba tó tún sọ̀rọ̀. "O ò sọ fún mi rí pé o fẹ́ gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá."

Owú náà kò tíì tán nínú Bualai. Bó bá ti rántí ọrùn Ratsami, ó ń ta á lára. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan èjìká awakọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà sílé. Ẹ gbé wa lọ sétí odò, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó gbó. Mo fẹ́ wá pákó."

"Èyí tó ti pẹ́ nínú omi ni kó o mú," ni baba wí.