Ojú Tó Wà Nínú Pálọ̀ Aránṣọ

Kò sí fọ́tò ìyá mi kankan. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì gbà mí tọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán òkú. Ẹbí á mú fọ́tò kékeré wá, òun á sì fi ọ̀dà yà á sára aṣọ líle tí a nà sórí fírémù, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sára ògiri. Yàrá kan ṣoṣo la ní. Abẹ́ tábìlì ọ̀dà ni mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí, àwọn òkú tí kò tíì gbẹ a sì fara ti ògiri, wọn a kọjú sí mi. Títí mo fi pé ọdún mọ́kànlá, bàtà kan ni mo ní, páálí ni mo sì fi dí ihò abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń bọ́ ọ, n óò há a sí abíyá kí páálí náà má baà rin.

Kò sẹ́ni tó pe ohun tí mò ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, títí awọ ìka mi fi ń ṣí. Ṣùgbọ́n kó tó mú pẹ́ńsùlù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo fọ́tò, èmi náà á sì wò ó.

"Kí lo rí?" á bi mí.

"Ó dára, Bàbá."

"Ṣé ọbẹ̀ ni mo ní kó o tọ́ wò? Padà lọ wò ó."

N óò padà. Ìgbà tí mo bá tó sọ pé ìpéǹpéjú kan wúwo ju èkejì lọ, tàbí pé ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ha lẹ́sẹ̀, ìgbà náà ló máa ń ní kí n lọ jẹun. Ojú ló máa ń yà kẹ́yìn. Ó ní tí a bá ti ya ojú, àlejò ti wọlé nìyẹn, kì í ṣe ìgbà náà la ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá aṣọ tó máa wọ̀.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mò ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé kan, kí n tó ráàyè lọ sílé-ìwé alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méje ni wá nínú kíláàsì àwòrán, iṣẹ́ oníkálùkù la sì fi ń pè é. Tíṣà wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, mú ìwé ńlá wá tó kún fún àwòrán. Bó bá ti bi wá pé kí la rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ àwòrán ni gbogbo wa ń kà fún un. Nígbà tó sú u, ó pa ìwé náà dé.

"Ta ni àwòrán wà nílé wọn?"

Aránṣọ, tó jókòó níwájú mi, nawọ́. "Ọ̀kan wà nílé wa, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ó máa ń woni."

"Tí wọ́n bá gbé èmi náà kọ́ sára ògiri," ni Dẹ́rẹ́bà sọ láti ẹ̀yìn, "kí ni mo tún fẹ́ rí ṣe?"

Ní ọ̀sán Sátidé, a lọ síbẹ̀. Gígé aṣọ wà káàkiri ilẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, àwòrán náà sì wà lókè ìlẹ̀kùn yàrá. Ìyá Aránṣọ fún wa ní ìjókòó.

"Bàbá mi nìyẹn," ó ní. "Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe láyé mi tí wọn kì í kọ́kọ́ gbọ́."

"Abẹ́ wọn ni mo dàgbà sí," ni Aránṣọ wí. "Títí dòní, mi ò jẹ́ pààrọ̀ aṣọ ní pálọ̀ yìí."

Tíṣà ní ká wò ó, ká má sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ lanu, kò sì ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. "Ojú yẹn ò jọ ojú ọkùnrin."

Nọ́ọ̀sì, tó jókòó tì mí, fa aṣọ mi. "Ojú bàbá tèmi náà rí báyìí, nínú àwòrán wọn tó wà nílé wa."

Mo ti mọ̀ nígbà náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, mo dá òjìji aláwọ̀ ewé tó máa ń fi sábẹ́ àgbọ̀n mọ̀. Àmọ́ ìpéǹpéjú òsì ká, ó dá sí méjì, àmì dúdú bíńtín sì wà nínú funfun ojú ọ̀tún, lápá imú. Mo ti rí àmì yẹn rí, lójú ọ̀gá àkọ́kọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa. Èèyàn mẹ́ta tí kò bára wọn tan kì í pín irú àmì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ojú fèrèsé ni mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọdún kejì rèé tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Bàbá, àwòrán tó wà nílé Aránṣọ, ojú ta lẹ yà sí i?"

"Omi ti ba fọ́tò wọn jẹ́. Láti imú lọ sókè, funfun báláú."

"Ojú ta ni, Bàbá?"

Ó fi ọwọ́ òsì di tọ̀tún mú. "Tìyá ẹ ni. Òun nìkan ni mo mọ̀ sórí. Ibi tí fọ́tò bá ti bàjẹ́, òun ni mò ń fi dí i."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ya odindi rẹ̀ fún mi. Ó ní òun gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ojú ni mo ń wò níjọ́ tó ń kú lọ. Mi ò wo ibòmíràn. Ti ilé Aránṣọ ni mo kọ́kọ́ yà, òun ló jọ ọ́ jù. Èyí tó tẹ̀lé e, ọwọ́ mi ló ń ṣe é, kì í ṣe èmi."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni mò ń lọ sí pálọ̀ yẹn pẹ̀lú bébà. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Ojú lásán ló ń bọ́ sórí bébà, kò wo ẹnikẹ́ni. Ní Sọ́ńdè kẹta, Ìyá Aránṣọ bi mí ohun tí mò ń wá, mo sì sọ fún un. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ti ìyá rẹ̀ kì í mọ ohun tó yẹ kó gbé mì.

Nígbà tí mo tún débẹ̀, wọ́n ti kọ ojú àwòrán náà sí ògiri.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n," ni Ìyá Aránṣọ wí, "ni mo fi ń kí obìnrin tí mi ò mọ̀ láràárọ̀. Mo sunkún níwájú ẹ̀. Mo ro ẹjọ́ ọkọ mi fún un."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Ojú bàbá mi ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ò lè mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́, ìwọ lo máa tún un yà."

"Kò sí fọ́tò, Mà."

"Èmi wà. Màá máa sọ bí wọ́n ṣe rí fún ẹ."

Aránṣọ sìn mí dé ìta. "Má dá màámi lóhùn. Èmi ò mọ bàbá àgbà, èyí ni mo mọ̀. Tó o bá pa á rẹ́, ta ló máa máa wò mí?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Ẹbí ló ni òkú wọn," ó ní. "Iṣẹ́ ni."

"Ìyá mi ńkọ́?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ọ̀dà sọ́dọ̀ mi.

Mo kó ọ̀dà lọ ní ọ̀sán Sátidé. Ìyá Aránṣọ jókòó sẹ́yìn mi. Ó ní ojú wọn kéré, ó jìn, wọ́n sì máa ń ṣẹ́ ti ọ̀tún bí wọ́n bá fẹ́ purọ́. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ara bo ojú òsì. Ó wá ku ọ̀tún nìkan. Mo dúró.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, Mà."

Mo wò ó dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ojú náà ń wòkè díẹ̀, sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè wọ̀nyẹn, mo rò pé èmi ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Mo ti wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà bóyá, ṣùgbọ́n mi ò sí níbi tó kọjú sí.

Mo bò ó.

Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú nígbà tí mo parí ojú kékeré méjì náà. Ìyá Aránṣọ sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan ọ̀dà.

"Àwọn rèé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dà bíi tọmọdé.

Aránṣọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó kó aṣọ tó ń rán lọ sí yàrá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí mo délé.

"Méjèèjì?" ó bi mí.

"Méjèèjì, Bàbá."

Ní Mọ́ńdè, Nọ́ọ̀sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Kò wojú mi.

"Màámi ti gbọ́," ó ní. "Wọ́n ní ọjọ́ wo lo máa wá sílé wa."

Mo sọ fún un pé Sátidé dára.