Páìpù Tín-ín-rín Láti Orí Àpáta

Orin ni wọ́n fi mọ̀ mí ní abúlé wa lẹ́yìn Ṣakí. Bí mo bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bí mo bá ń fẹ́ná, orin ni. Omi wa pàápàá, mo máa ń kọrin fún un. Táńkì wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé, ìsun ló ń kún un. Páìpù dúdú kan, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, gba inú koríko wá sí àgbàlá. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná. Omi ń ti òkè bọ̀ fúnra rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé.

Àsánì ọmọ mi kú, ó fi Waheedat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sílẹ̀ fún mi, ó sì fi ilẹ̀ oko rẹ̀ sílẹ̀ fún Waheedat. Iṣu àti àgbàdo nìkan ni Àsánì máa ń gbìn síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, igi ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Olórí ẹbí sọ ọ́ gbangba pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a kò rí igi gbìn síbẹ̀, Akíntọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni yóò gba ilẹ̀ náà.

Ni èmi àti Waheedat bá gbin kóró kajú sínú ọ̀rá dúdú kéékèèké. Mo dá orin:

Kajú mi, yọ ewé o,
Ilé Àsánì kò ní parẹ́.

Waheedat gbè é. Kajú gbọ́, ó yọ ewé pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Ọyẹ́ dé. Àwọn ọdẹ tó ń lé òkété dáná sun igbó, iná náà sì gba orí páìpù wa kọjá. Ó yọ́ bí òrí.

Kàdírì, àbúrò ọkọ mi, ló ra òmíràn wá. Ọkọ mi kékeré ni mò ń pè é, bí irun rẹ̀ ti funfun tó yẹn.

“Ìyàwó wa, mo ti bá yín tún ayé ṣe!”

Mo wo páìpù náà, kò ju ìka ọwọ́ lọ. “Ọkọ mi kékeré, ṣé ìfun adìẹ lẹ rà bọ̀ yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bútà àlùwàlá rẹ̀, ó dà á. Omi fò jáde. “Ẹ rí i? Ẹnu tóóró ló ń mú omi sáré. Èyí tó bá fẹ̀, ọ̀lẹ ni yóò máa ṣe.”

Gbogbo wa là ń ṣe àlùwàlá. Ta ni yóò bá bútà jiyàn? Mo kọrin yin Kàdírì.

Nígbà tí a so ó tán, omi ń kán tó, tó, bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń dà. Kàdírì fi àtàńpàkò dí ẹnu páìpù díẹ̀, omi sì ta dé ara ògiri.

“Ó ń sáré!”

“Ó ń sáré lóòótọ́,” ni mo wí, “ṣùgbọ́n garawa kò kún.” Láti ìrun àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán, kò dé ìdajì.

Waheedat ló jókòó tì í, tó ń wò ó. “Màmá, bútà gbòòrò níkùn, ẹnu rẹ̀ nìkan ló tóóró, kò sì gùn. Èyí tóóró láti orí àpáta dé ibí. Gbogbo ọ̀nà ni omi ń fara ha páìpù. Kó tó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Ọmọ àná!” ni Kàdírì wí. “Ìwọ lo mọ bútà?”

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí Ṣakí, ó ń wá páìpù ńlá. Ó lọ, ó tún lọ. Wọ́n ní ọjà kò tíì dé.

Odò ti di iyanrìn, àpáta ibi tí táńkì wà sì dà gẹ̀rẹ́, kò ṣeé ru garawa omi sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń kán, a mu díẹ̀, a fún kajú ní díẹ̀. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti etí. Waheedat ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan.

“Màmá, èyí ṣì tutù.”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó ya bo àgbàlá, ó gba ojú àgbàrá fífẹ̀ lọ rìì, kò dúró de páìpù kankan. Ọ̀rá tó wà nílẹ̀, igi gbígbẹ ló kù nínú wọn. Láti oko Àsánì, a ń gbọ́ ọkọ́ Akíntọ́lá tó ń gbẹ́ ihò kajú tirẹ̀. Kàdírì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè gbójú sókè wò wá.

Mo dá orin náà, mo dúró kí Waheedat gbè é.

Òjò nìkan ló ń dún.