Ìsinmi Ehoro Mẹ́ta

Ara Nùréènì kò lélẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Òun ni olùtọ́jú ehoro ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi dírípù lọ́nà Agége, kò sì yéé rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àgò. Ehoro mélòó ló tilẹ̀ kù níbẹ̀? Mẹ́ta péré! Nígbà Kérésì, SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti gbé ìrẹsì kọjá ọwọ́ tálákà, ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, bá pín ehoro mẹ́sàn-án fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn ọdún. Nùréènì náà gba tirẹ̀, ó sè é jẹ. Ta ni yóò bá a wí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ehoro dán dírípù wò? Wọ́n á fa dírípù díẹ̀ sí iṣan etí ehoro, wọ́n á máa fi tẹmómítà wo ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, omi náà kò dára, dídànù ni. Ehoro tí wọ́n bá lò lónìí gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ mẹ́ta. Àánú ẹranko ni, ààbò èèyàn sì ni pẹ̀lú, torí ara tí kò sinmi kì í sọ òótọ́: ìdọ̀tí lè wọ̀ ọ́ kó má gbóná mọ́.

Àná ni wọ́n lo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, etí wọn ṣì wú. Ni Adésànyà bá já wọlé wìrìwìrì, ó ní kí Nùréènì tún lò wọ́n kíá, kó kọ ọ́ sínú káàdì àwọn ehoro pé wọ́n ti sinmi, ọkọ̀ tí yóò kó dírípù lọ sí ọsibítù ti dé. Nùréènì ní kò ṣeé ṣe. Adésànyà ní ìta kún fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Inú bí Nùréènì, ẹ̀rù sì bà á, ọmọ mẹ́rin ń bẹ nílé. Ó mú káàdì, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọmọ yín ló wà ní ọsibítù, ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n fa dírípù yìí sí i lára?”

Adésànyà jókòó sórí àpótí.

“Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara Ayọ̀tọ́lá gbẹ látàná. Wọn ò ní dírípù kankan, a sì ti wá gbogbo Ìkẹjà tán.”

Nùréènì wo àwọn àgò tó ṣófo, ó dùn ún dé egungun. Ká ní àwọn mẹ́sàn-án yẹn wà ni, wọn ì bá ti dán dírípù náà wò kí ọ̀sán tó pọ́n. Adésànyà náà ń wo àwọn àgò náà. Nígbà tó yá, ó gba káàdì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí dírípù dúró di ọjọ́ Ẹtì, ó fọwọ́ sí i.

“Nùréènì,” ó ní, “ṣé ọmọ ọdún méjì lè dúró di ọjọ́ Ẹtì?”